Ẹ Bèèrè, A Dáhùn: Gbèsè Orí Fóònù àti Oorun Àwọn Ọ̀dọ́ Wa

Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta báyìí ni lẹ́tà nípa owó yíyá lórí fóònù ti kún orí tábìlì mi, débi pé àwọn tó kọ̀wé nípa ìgbéyàwó àti ogún pípín, àwọn tí wọ́n sábà máa ń ni ojú ewé yìí, ní láti ṣe sùúrù títí di ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Ọdún 19 ni mo fi ṣe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn lẹ́tà, mo sì ti rò pé kò sí irú gbèsè tí n kò tíì rí. Èyí tí àwọn ọmọ wa ń kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí yàtọ̀. Kì í ṣe pé owó náà pọ̀, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tó owó aṣọ ẹbí kan. Ohun tí ayánilówó ń gbà ní ìdógò ló yàtọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ni mí ní yunifásítì kan ní Ilé-Ifẹ̀. Mo yá ₦20,000 lórí áàpù kan láti fi tẹ ìwé iṣẹ́ ìwádìí mi kí n sì dì í. ₦16,000 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi, wọ́n ní àwọn ti yọ owó iṣẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n ₦22,000 ni wọ́n ní kí n dá padà láàárín ọjọ́ 14. Nígbà tí ọjọ́ pé, n kò rí i san, mo bá yá lórí áàpù kejì láti fi san ti àkọ́kọ́, mo sì tún yá lórí ẹ̀kẹta láti fi san ti èkejì. Ó ti di áàpù mẹ́rin báyìí, gbogbo gbèsè náà sì ti di ₦137,000. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù mi, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni mí. Olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa rí i gbà, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi rí i gbà, títí kan ìyá tí mo ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kì í sùn mọ́. Bí fóònù bá ti gbọ̀n pẹ́rẹ́, àyà mi á já. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n má sí láyé mọ́, kí ìtìjú yìí lè tán. Wọ́n ní ọlọ́pàá ń bọ̀ wá mú mi lọ́jọ́ Ajé. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Alákàrà, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè ka ìyókù, èyí tí o fi sọ pé ó máa ń ṣe ọ́ bíi pé kí o má sí láyé mọ́. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ₦137,000 lè dúró de ọ̀la, ìyẹn kò lè dúró. Lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, sọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, bí o ṣe kọ ọ́ sí mi, fún ẹnì kan tó lè jókòó tì ọ́: ìyá rẹ, ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ẹnikẹ́ni tí ọkàn rẹ bá balẹ̀ sí. Kí ẹni náà sìn ọ́ dé ilé ìwòsàn yunifásítì yín, kí o sì sọ fún dókítà pé o kì í sùn, àti irú èrò tó ń wá sí ọ lọ́kàn. Má fi ọ̀rọ̀ orí fífọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Láti 1954 ni wọ́n ti ń tọ́jú ènìyàn ní Arò ní Abẹ́òkúta, àwọn tó sì ń lọ síbẹ̀ kì í ṣe àwọn tó ń já aṣọ lójú títì nìkan, bí ẹnu ayé ti máa ń sọ ọ́; olùkọ́ ń lọ, oníṣòwò ń lọ, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ ń lọ, wọ́n sì ń padà sílé. Ẹni tí kò sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì kò lè fi ojú tó mọ́ wo gbèsè rẹ̀, bó ti wù kó gbọ́n tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o kọ́kọ́ rí oorun sùn kí a tó sọ̀rọ̀ owó.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ọjọ́ Ajé ńkọ́? Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ ọ́ kedere pé a kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí àdéhùn tí kò mú ṣẹ. Gbèsè tí o jẹ láìfi èrú gbà á jẹ́ ọ̀ràn àárín ìwọ àti ayánilówó. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, ilé ẹjọ́ ni yóò gbà lọ. Àwọn tó ń kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ mọ èyí jù ọ́ lọ. Nínú gbogbo lẹ́tà tó ti dé ọ̀dọ̀ mi, mi ò tíì rí ọ̀kan tí ọjọ́ Ajé náà ti dé. Bí ọjọ́ Ajé kan bá ti kọjá, wọn á sún un sí ọjọ́ Ajé mìíràn.

Wàyí o, mú bírò, ká jọ ṣírò owó àkọ́kọ́ yẹn, nítorí mo ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé sí mi mọ iye tí wọ́n jẹ, wọn kò mọ iye tó wọ ọwọ́ wọn. ₦16,000 ló wọ ọwọ́ rẹ, kì í ṣe ₦20,000. ₦22,000 lo dá padà. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦6,000 lórí ₦16,000, ìyẹn ni pé lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan tí o ná, ₦37.50 lo fi lé e láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Nínú ẹgbẹ́ tí mo ti ṣe akápò, ₦10 ni à ń gbà lórí ₦100 fún odidi ọdún kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì tún máa ń kùn pé ọwọ́ wa le. Bí áàpù kejì náà bá ń yọ ìdá kan nínú márùn-ún kó tó fi owó ránṣẹ́, ₦27,500 lo máa yá kí ₦22,000 tó dé ọwọ́ rẹ, ₦30,250 ni yóò sì di ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ₦30,250 yẹn tó jáde lára ẹ̀kẹta, gbèsè tí o máa san níbẹ̀ yóò ti lé ní ₦41,000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, owó tí o fi di ìwé ti lé ní ìlọ́po méjì ààbọ̀, o kò sì fi kọ́bọ̀ kan ra ohun mìíràn. Ìyókù tó gbé e dé ₦137,000, owó ìtanràn ojoojúmọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ṣe ìṣirò yìí fún ọ kí o lè rí i pé kì í ṣe ìnákùnáà ló mú ọ débẹ̀. Owó ìwé lo wá. Bí wọ́n ṣe gbé owó náà kalẹ̀ ló ń fà ọ́.

Kí ni wọ́n gbà ní ìdógò lọ́wọ́ rẹ? Wọn kò gba ìwé ilẹ̀, wọn kò bèèrè onídùúró tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Nígbà tí o ń gbé áàpù náà sórí fóònù, ó bi ọ́ bóyá kí òun wo àwọn nọ́ńbà tí o tò pamọ́, o sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni kí o lè tètè rí owó gbà. Ibẹ̀ lo ti fi orúkọ rẹ dógò. Láti 2023 ni Google ti ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún áàpù ayánilówó tó wà ní ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó burú jù lọ fi ń fi ìlíǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí ènìyàn gba tàwọn láti ibòmíràn.

Ohun tó sọ ìdógò yẹn di olówó ńlá lọ́wọ́ wọn ni ìtìjú rẹ. Bí àwọn ènìyàn rẹ bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu ìwọ fúnra rẹ, kò sí ohun tó kù tí wọ́n lè fi halẹ̀. Nítorí náà, yá fóònù ẹlòmíràn bí tìrẹ kò bá ṣe é ṣí, kí o sì kọ èyí sí gbogbo àwọn tó rí fọ́tò náà: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí iṣẹ́ tí ẹ rí gbà nípa mi. Mo yá owó lórí fóònù, n kò tíì rí i san tán. N kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí wọn, ẹ má sì fún wọn lésì.” Gbólóhùn mẹ́rin ni, má fi àlàyé kún un. Ti olùkọ́ rẹ ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ pọ̀ sí jù. Ti ìyá ẹlẹ́wà, má wulẹ̀ kọ ọ́, lọ rí i. Obìnrin tó ti ń ta oúnjẹ láwìn fún akẹ́kọ̀ọ́ láti bí ogún ọdún mọ ìyàtọ̀ láàárín onígbèsè àti olè ju ẹnikẹ́ni tó ń tẹ fóònù nínú ọ́fíìsì lọ.

Má yá ẹ̀karùn-ún. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ pé àwọn fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ láti kó gbogbo gbèsè náà pọ̀ sójú kan, má yá a. Ya àwòrán gbogbo ìhàlẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́, kí ọjọ́ àti aago hàn lára rẹ̀, kí o sì bẹ àwọn tó rí ti ọ̀dọ̀ wọn gbà kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ọ. Lẹ́yìn náà, lọ sórí ìkànnì àjọ FCCPC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, kí o wò ó bóyá orúkọ àwọn ayánilówó mẹ́rin náà wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ní oṣù kẹta ọdún 2022 ni àjọ yìí ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Ìkẹjà. Ọdún yẹn kan náà ló pàṣẹ pé kí gbogbo wọn forúkọ sílẹ̀. Ní 2025 ló sì gbé òfin tó le jù bẹ́ẹ̀ jáde, nínú èyí tí owó ìtanràn ti lè tó ₦100,000,000 tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí o kọ ẹ̀sùn sí. Kọ ọ̀kan sí àjọ tó ń rí sí ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni pẹ̀lú, nítorí Òfin Ààbò Àkọsílẹ̀ ti 2023 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi fọ́tò àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn rẹ ṣe ohun tí wọ́n ṣe yìí.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́ o. Ìwà ìkà wọn kò sọ gbèsè di ẹ̀bùn. Kọ̀wé sí èyí tó bá forúkọ sílẹ̀ nínú wọn, sọ iye tí o lè máa san lóṣù, kó jẹ́ iye tí yóò ṣẹ́ oúnjẹ kù fún ọ, kí o sì tọ́jú ẹ̀rí owó kọ̀ọ̀kan tí o bá san. Má rò ó pé pípa fóònù àti ṣíṣí àkáǹtì tuntun yóò gbà ọ́: láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti fún àwọn báǹkì tó bá yáni lówó láyè láti yọ gbèsè tó ti kọjá ọjọ́ nínú àkáǹtì yòówù tó bá so mọ́ BVN onígbèsè, àwọn ayánilówó orí fóònù kan sì wà tó jẹ́ pé ìwé àṣẹ báǹkì àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n gbà.

Ìyá rẹ ń dín àkàrà. Kò ní ₦137,000, mo mọ̀. Owó kọ́ ni mo ní kí o lọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo kí yín o. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Mo wà ní ìsọ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn nígbà tí nọ́ńbà tí n kò mọ̀ pè mí, ọkùnrin kan ní èmi ni onídùúró ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Èkó, pé ó jẹ àwọn ní ₦45,000, pé bí n kò bá san án kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn yóò fi orúkọ mi sí gbogbo ayé létí. Ó bú mi lójú oníbàárà. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò ṣe irú èyí rí! Nígbà Iléyá tó kọjá, ó fi ₦15,000 ránṣẹ́ sí mi kí n fi kún owó àgbò, mo sì súre fún un kárí ẹbí. Ṣé dandan ni kí n san án? Ṣé onídùúró ni mí lóòótọ́?
Ìyá Aládìrẹ, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà, Ìyá wa, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ kì í ṣe onídùúró ẹnikẹ́ni. Onídùúró ni ẹni tí wọ́n bi, tó gbà, tó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n kàn rí nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù ọmọ rẹ̀ kò sí lára wọn. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni tó pè yín. Bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ ran ọmọ yín lọ́wọ́, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni kí owó náà ti jáde lọ sí àkáǹtì ilé-iṣẹ́ náà, kó má jẹ́ sí ti ọkùnrin tó pè yín.

Ẹ̀yin àti èmi kì í ṣe ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ gbèsè. Aṣọ lẹ ń tà. Ẹ ti gbọ́ ìtàn àwọn òṣómàáló, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ru aṣọ kiri abúlé, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè lọ́jọ́ tí owó bá pé, pé òṣó làwọn máa ló gba owó àwọn. Ṣáájú tiwọn ni ológò, ẹni tí wọ́n máa ń rán lọ dógò ti onígbèsè, tí yóò jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀, tí yóò máa pariwo, tí yóò tún máa bèèrè oúnjẹ títí owó yóò fi jáde. Ìyọlẹ́nu ni, mi ò sì pọ́n ọn. Ṣùgbọ́n ológò ní ojú. Ó mọ ilé tó wà, baálé ilé mọ̀ ọ́n, àgbà àdúgbò lè wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi dọ̀la, kò sì jẹ́ jókòó sílé ẹ̀gbọ́n ìyàwó onígbèsè ní ìlú mìíràn. Àwọn tòní kò ní ojú tí a lè bẹ̀, wọ́n sì lè wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ igba ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń ba àwọn ọmọ wa nínú jẹ́ nìyẹn ju iye owó náà lọ. Ẹni tó jẹ gbèsè ní àdúgbò kan, ó lè sá fún ọ̀nà kan. Ọmọ yín kò ní ọ̀nà kankan tó lè gbà tí kò ní pàdé ẹni tó ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, tí kò tíì gba òmìnira, tí ọ̀gá rẹ̀ kì í fún ju owó oúnjẹ lọ, níbo lẹ rò pé ó ti rí ₦15,000 tó fi kún owó àgbò? N kò sí níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àṣìṣe ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ọmọ tó yá owó kó lè rí nǹkan fi ránṣẹ́ sílé nígbà ọdún tó wà lọ́wọ́ mi lé ní mẹ́wàá. Wọ́n fẹ́ ká súre fún wọn. Àwa náà sì máa ń súre ọ̀hún kárí ẹbí, tí àbúrò tí kò fi nǹkan ránṣẹ́ yóò sì gbọ́, tí òun náà yóò lọ wá áàpù tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti pọ̀ jù. Ẹ pè é lálẹ́ òní, nígbà tí ìsọ̀ bá ti pa, kí ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ owó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Bó bá sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún tán. Ẹ ó wá sọ fún un pé ẹ ti mọ̀, pé ẹ kò fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, pé kó kọ iye tó gbà àti iye tó ti san sórí ìwé. Ọ̀rọ̀ àgbò ọdún tó ń bọ̀, ẹ lè sọ fún un bí ọ̀rọ̀ bá tutù díẹ̀ pé adìyẹ náà máa ń dùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú déédéé àsìkò yìí, mà. Àgùnbánirọ̀ ni mí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Fóònù mi ti bàjẹ́. Ilé ìtajà kan ní àwọn lè fún mi ní tuntun, kí n san ₦54,000 sílẹ̀, kí n sì máa san ₦31,500 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà. Iye rẹ̀ fún ẹni tó bá san lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ ₦180,000. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ ò ní fọwọ́ sí i, nítorí pé ẹ kórìíra gbèsè. Òótọ́ ni?
Kọ́pà, Ìsẹ́yìn

ÌDÁHÙN: N kò kórìíra gbèsè. Àwìn ni ìyá mi fi tọ́ wa. Mọ́gàjí kan ní Dùgbẹ̀ ló máa ń fún un ní iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ, tí yóò tà kó tó san, láìsí ìyẹn, ẹ̀rọ ìkọ̀wé kì bá tí kàn mí. Ṣùgbọ́n ọjà tí ìyá mi gbà láwìn ló ń bí owó tó fi ń san án. Béèrè lọ́wọ́ ara rẹ bóyá fóònù yìí yóò bí nǹkan kan. Bí o bá ń fi í ya fọ́tò ìnáwó tàbí tí o ń fi í polówó ọjà, ìyẹn ọ̀tọ̀.

Owó tí wọ́n ní kí o san yóò jẹ́ ₦243,000, ó fi ₦63,000 ju iye fóònù lọ. ₦77,000 ni owó oṣù tí ìjọba ń san fún àgùnbánirọ̀, nítorí náà ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ ni yóò máa lọ fún fóònù kí o tó wọ mọ́tò tàbí jẹun. Ka ìwé àdéhùn náà dáadáa pẹ̀lú, torí irú fóònù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ohun kan nínú tí yóò tì í pa bí owó oṣù kan bá pẹ́. Ọjọ́ tí ìjọba bá fi owó yín falẹ̀ lóṣù kan, fóònù rẹ á di pákó, nọ́ńbà ilé rẹ á sì wà nínú rẹ̀.

Wá wò ó báyìí. Bí o bá tún èyí tó bàjẹ́ ṣe kí ó lè máa pè kó sì máa gba ìpè, tí o sì ń dá ₦31,500 kan náà fún alájọ lóṣooṣù, ní oṣù kẹfà ₦189,000 ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ, ₦54,000 tí o fẹ́ san sílẹ̀ náà kò sì tíì kúrò níbi tó wà. Bí fóònù bá tilẹ̀ gbówó lórí kí oṣù mẹ́fà tó pé, èyí tó sì dájú pé ó lè ṣẹlẹ̀, owó wà tí yóò bò ó. Alájọ yóò yọ ti ọjọ́ kan rẹ̀, òun kò sì ní fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi fẹ́ gba owó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba ń yáni. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn yóò dójú tì wá bíi ti àwọn orí fóònù. Ṣé ọ̀kan náà ni?
Bàbá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Rárá, Bàbá. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ló gbé NELFUND kalẹ̀, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Kò ní èlé lórí. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sí ilé-ìwé, díẹ̀ sì lè wọ ọwọ́ ọmọ lóṣooṣù fún oúnjẹ bó bá béèrè fún un. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tó bá sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò sì máa yọ, bó bá níṣẹ́. Kó rí i dájú pé orí ìkànnì àjọ náà gan-an ló ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò bá a gbà á tí yóò sì gba ₦5,000 lọ́wọ́ rẹ̀, kó tètè kúrò níwájú ẹni náà.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ̀wé láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 24 ni mí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo jẹ gbèsè lórí káàdì báǹkì méjì, mo sì tún ń ra aṣọ àti bàtà lọ́nà tí wọ́n fi ń pín owó rẹ̀ sí mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ ti lé ní £6,000. Àwọn lẹ́tà wọn wà nínú àpò kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n kò ṣí wọn. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé, wọ́n á ní kí n fi nǹkan ránṣẹ́, màá sì ní ó ti dé. Mo máa ń bì lẹ́yìn ìpè náà.
Àbíkẹ́, Lọ́ńdọ̀nù

ÌDÁHÙN: Àbíkẹ́, àpò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni kí o kọ́kọ́ gbé. Bí o kò bá lè ṣí wọn fúnra rẹ, gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ Citizens Advice tó bá sún mọ́ ọ, tàbí kí o pe StepChange tàbí National Debtline. Ìmọ̀ràn lórí gbèsè ni wọ́n ń fúnni, ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ti rí àpò bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Bí ilé-iṣẹ́ kankan bá wà tó ní kí o san owó kó tó gbà ọ́ nímọ̀ràn, òun kọ́ ni mò ń sọ.

Ní England àti Wales, ètò kan ti wà láti oṣù karùn-ún ọdún 2021 tí wọ́n ń pè ní Breathing Space. Bí olùgbani-nímọ̀ràn bá fi orúkọ rẹ síbẹ̀, fún ọjọ́ 60 àwọn ayánilówó kò gbọ́dọ̀ fi èlé tàbí owó ìtanràn kún ọ̀pọ̀ nínú gbèsè rẹ, wọn kò sì gbọ́dọ̀ máa lé ọ kiri. Èyí tó wà fún ẹni tí ìdààmú ọkàn rẹ̀ ti le débi tó fi ń gba ìtọ́jú pàjáwìrì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó máa ń wà títí ìtọ́jú náà yóò fi parí, pẹ̀lú 30 ọjọ́ lé e. Èébì tó ń tẹ̀lé ìpè ọjọ́ Àìkú, sọ ọ́ fún dókítà rẹ pẹ̀lú. Má sọ pé oúnjẹ ni kò bá ọ lára mu.

Ní ti ilé, mo mọ̀ pé èyí ni yóò ṣòro jù. Àwọn tó wà nílé rò pé pọ́n-ùn ń hù lẹ́yìnkùlé yín, àwọn tó wà lọ́hùn-ún sì ti ń fi fọ́tò ẹ̀wù òtútù tuntun gbè é lẹ́sẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Má pe gbogbo ilé papọ̀. Pe ẹni kan ṣoṣo tó lè gbọ́ ọ, kó jẹ́ ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Rú, kí ọjọ́ Àìkú tó kàn ọ́, kí o sì sọ ọ́ báyìí: “Mo jẹ gbèsè níbí. Mo ti ń gba ìmọ̀ràn lórí rẹ̀. Fún oṣù mẹ́fà, n kò ní lè fi nǹkan ránṣẹ́, ṣùgbọ́n màá máa pè.” Kó bá ọ sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà, pè lọ́jọ́ Àìkú bí o ti máa ń ṣe.